Ta Ló Ni Abúlé?

Ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní àròkọ kan láti kọ. Orí ọ̀rọ̀ náà ni 'Abúlé Baba Mi'. Lójú tèmi, kò sí iṣẹ́ tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti lo ọ̀sẹ̀ méjì péré ní oko rí yóò rí nǹkan sọ: irú ilé tí ó wà níbẹ̀, omi tí wọ́n ń pọn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, àti bí wọ́n ṣe tẹ ibẹ̀ dó. Nígbà tí mo ń yẹ ìwé wọn wò, mo kan ti ọmọkùnrin kan tí ó kọ ọ́ dáadáa. Ó mọ iye ilé tí ó wà ní abúlé náà, ó mọ igi máńgòrò tí àwọn àgbà máa ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀, ó sì mọ ibi tí wọ́n sin baba baba rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n níbi tí ó yẹ kí orúkọ abúlé náà wà, àyè òfìfo ni ó fi sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó yẹ kí orúkọ náà jẹ yọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni ó fi àyè sílẹ̀.

Mo pè é, mo bi í bóyá ó gbàgbé orúkọ náà ni. Ó ní, 'Rárá, sà. Àwọn ará Ìfọ́n ní bí wọ́n ṣe ń pè é, àwọn ará Ìlobùú náà ní tiwọn. Ọmọ Ìfọ́n ni baba mi, ọmọ Ìlobùú ni ìyá mi. Èyíkéyìí tí mo bá kọ, ẹnì kan nílé wa yóò bi mí pé ta ní sọ fún mi pé àwọn yẹn ló ni ibẹ̀.' N kò rí èsì kankan fún un lọ́jọ́ náà. Mo ní kí ó máa lọ jókòó. Ohun tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí ni mo ti ń rò láti ìgbà náà.

Fún àǹfààní àwọn òǹkàwé tí kò mọ agbègbè wa, kì í ṣe Ìfọ́n ti Ìpínlẹ̀ Òǹdó ni mo ń wí. Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni Ìfọ́n tiwa, ìlú Olúfọ́n, níbi tí ọ́fíìsì Ìjọba Ìbílẹ̀ Orolú wà. Ìlobùú, ìlú Olóbùú, ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: Ìrẹ́pọ̀dùn! Ìlú méjèèjì súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Òṣogbo gba ọ̀nà Ogbómọ̀ṣọ́ kò ní í mọ ibi tí ọ̀kan parí sí àti ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jọ ń ná ọjà, wọ́n jọ ń fẹ́ ara wọn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ọ̀rọ̀ náà le dé ibi pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi òfin kónílé-ó-gbélé de Ìfọ́n, Ìlobùú àti Erin-Ọ̀ṣun. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná. N kò gbé kálàmù láti dá ẹjọ́ ìlú méjèèjì. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Ìbéèrè tèmi kéré ju ìyẹn lọ, bóyá ó sì jù ú lọ: ǹjẹ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ kan ní ẹ̀tọ́ láti lé ẹni tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ náà kúrò?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wọ inú abúlé náà lọ ná.

Ilẹ̀ agbègbè wa kì í ṣe igbó kìjikìji, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀dàn gbalaja. Àárín méjèèjì ni ó wà. Bí o bá kọjú sí ìhà Òṣogbo, igi ńláńlá a máa pọ̀ sí i; bí o bá kọjú sí ìhà Ogbómọ̀ṣọ́, igi emi tí a fi ń ṣe òrí àti igi irú a máa fara hàn láàrin koríko. Ọ̀pẹ wà níhìn-ín, ó wà lọ́hùn-ún. Odò Erinlẹ̀ ni ó gba agbègbè náà kọjá kí ó tó lọ dà sínú odò Ọ̀ṣun, àwọn odò kéékèèké tí àwọn ará abúlé ń pọn sì ń ṣàn lọ bá a. Àwọn ará Ìlobùú yóò sọ fún ọ pé ọdẹ ni Erinlẹ̀ kí ó tó di odò. Àwọn ará Ìfọ́n ní tiwọn ní Òrìṣà Olúfọ́n, arúgbó aláṣọ funfun tí a ń pè ní Òṣàlúfọ́n. Ọ̀kan jẹ́ ọdẹ, ọ̀kan jẹ́ arúgbó tí kò fẹ́ àbàwọ́n. Ṣùgbọ́n n kò ì tí ì gbọ́ pé àwọn méjèèjì bá ara wọn jà.

Abúlé tí mo mọ̀ jù, tí èmi náà kò ní í dárúkọ, kò ju ilé mẹ́wàá lọ. Ilé alámọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, páànù sì ni a fi bò wọ́n. Ní ẹ̀yìn ilé tí ó kángun sí odò, òkìtì mẹ́ta wà tí koríko ti bò. Ilé ni wọ́n nígbà kan rí. Òjò ni ó wó ògiri wọn lulẹ̀ tí wọ́n fi padà di ilẹ̀. Bí àwọn àgbẹ̀ bá ń kọ ebè lẹ́bàá ibẹ̀, ọkọ́ wọn a máa hú àpáàdì jáde, àpáàdì ìkòkò tí kò jọ irú èyí tí ìyá àgbà kankan níbẹ̀ lò rí. Pèrègún wà ní ẹsẹ̀ kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ti ga ju òrùlé lọ. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé ààlà ni wọ́n fi í pa, ṣùgbọ́n ààlà láàrin ta ni àti ta ni? Àwọn méjèèjì ti kú, oko wọn sì ti di igbó lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn wọn. Ní iwájú ilé mẹ́rin, sàréè wà tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Nínú sàréè mẹ́rin náà, méjì jẹ́ ti ọmọ Ìfọ́n, ọ̀kan jẹ́ ti ọmọ Ìlobùú, ẹ̀kẹrin sì jẹ́ ti obìnrin kan tí wọ́n bí ní Èjìgbò tí ó wá fẹ́ ọkọ síbẹ̀.

Ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ nìyẹn. Ohun tí ẹnu ń sọ yàtọ̀ sí i. Ẹ̀yin náà ẹ kíyè sí bí ìtàn ìtẹ̀dó ṣe sábà máa ń lọ. Ọdẹ kan jáde láti Ifẹ̀ tàbí láti Ọ̀yọ́, ó dé etí odò, ó rí i pé ibẹ̀ dára, kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó sì pàgọ́. Bí a bá gba ìtàn ìlú mẹ́wàá sílẹ̀, bóyá nínú méjọ ni ọdẹ náà kò bá ẹnikẹ́ni. Ta wá ni ó ni àpáàdì? Èmi kò sọ pé irọ́ ni àwọn baba wa pa. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ ìtàn ìtẹ̀dó yàtọ̀ sí iṣẹ́ awọnlẹ̀. A ń sọ ọ́ kí orí ọmọ lè wú, kí ó lè mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá, kí ó má baà hùwà tí yóò ba orúkọ baba rẹ̀ jẹ́. Bí a bá wá gbé e lọ sí kóòtù kí ó lọ fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà sọ ibi tí ilẹ̀ dé, a ti ràn án ní iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì tún dá kún un. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, àìmọye ìlú àti abúlé ni ó di ahoro láti òkè ọ̀dàn wá sí ẹkùn Ọ̀ṣun. Àwọn ènìyàn sá gba ìhà gúúsù, wọ́n kó sí ìlú tí ó bá lè gbà wọ́n. Ní nǹkan bí 1840, Òṣogbo ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti dá àwọn ọmọ ogun Ìlọrin dúró. Nígbà tí ara rọ̀, àwọn kan padà sí ibi tí wọ́n ti kúrò, àwọn mìíràn lọ jókòó sí ahoro tí wọn kò mọ ẹni tí ó ni ín. Ọmọ tí a bí sí irú ahoro bẹ́ẹ̀ kò rí ẹlòmíràn tí ó ṣáájú baba òun, ó sì fi tọkàntọkàn gbà pé baba òun ni ó kọ́kọ́ dé. Kò purọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ojú rẹ̀ mọ ni ó ń sọ.

Àwọn kan yóò ní àìmọ̀wé wa ni ó fa gbogbo èyí, pé ì bá ṣe pé a kọ ọ́ sílẹ̀ ni, ìjà kì bá tí sí. Ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 1085, Ọba William tí ó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ kí wọ́n lọ káàkiri, kí wọ́n kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Ìwé náà ṣì wà títí di òní, Domesday Book ni wọ́n ń pè é. Abúlé tí kò ju ilé mélòó kan lọ wà níbẹ̀: ta ni ó ni ín kí William tó dé, ta ni ó ni ín nísinsìnyí, ìtúlẹ̀ mélòó ni ó wà níbẹ̀, ọlọ mélòó, èló ni ó tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá àwọn tí ń roko níbẹ̀ gan-an, iye wọn nìkan ni ẹ óò sábà rí. Wọ́n ka orí wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ka ìtúlẹ̀. Orúkọ olówó ilẹ̀ ni wọ́n kọ. Oríkì tiwa kò ka ìtúlẹ̀ rí, kò sì mọ iye tí ilẹ̀ tó, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ àgbẹ̀, ó mọ ohun tí ó fẹ́ràn láti jẹ, ó mọ ìlà ojú rẹ̀. Kò sí èyí tí ó lè ṣe iṣẹ́ èkejì nínú àkọsílẹ̀ méjèèjì. Ìwé William sì kọ́ ni ó fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Idà ni.

Bí ṣíṣáájú dé kò bá lè yanjú ọ̀rọ̀, kí wá ni a ń pè ní onílẹ̀? Ní 1912, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Ẹlẹ́sìí ti Òdogbolú ni a gbọ́ pé ó ṣàlàyé fún wọn pé ẹbí ńlá kan ni ó ni ilẹ̀, pé púpọ̀ nínú ẹbí náà ti kú, díẹ̀ ni ó wà láàyè, àwọn tí a kò tí ì bí kò sì lóǹkà. Ní 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀n dá ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tí Amodu Tijani, Olúwa Èkó, gbé síwájú wọn. Wọ́n gbà pé àwùjọ àti ẹbí ni ó ni ilẹ̀ lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀, pé alámòójútó ni ìjòyè jẹ́. Lẹ́yìn náà ni òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 dé, tí ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Òfin náà ṣì wà. Síbẹ̀ ẹ lọ bi àgbẹ̀ kan ní agbègbè wa bóyá gómìnà ni ó ni ilẹ̀ tí ó ń ro, kí ẹ wo bí yóò ṣe rẹ́rìn-ín.

Èdè wa ti sọ nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ yìí tí a kò máa fi ọkàn sí. A kì í sọ pé oko mi 'ní' ààlà. Ohun tí a ń sọ ni pé oko mi àti ti Àjàní *bá ara wọn* pààlà. Ẹnì kan kò lè dá ààlà pa. Bí ó bá dá a pa, ọgbà ni ó ṣe. Ẹni méjì ni ó ń dúró, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń gbin pèrègún sí àárín lójú ara wọn. Pèrègún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀kan nínú àwọn òkú méjì yẹn ni ó ni ilẹ̀. Ẹ̀rí pé wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, tí ọ̀rọ̀ wọn sì wọ̀, ni.

Ẹlòmíràn yóò dá mi dúró níhìn-ín. Yóò ní: 'Ìwọ olùkọ́, ọ̀rọ̀ rẹ dùn, ṣùgbọ́n àlejò ni ó máa jẹ èrè rẹ̀. Baba mi gba ènìyàn sí ilẹ̀ rẹ̀, ó fún un ní ibi tí yóò fi dáko. Ọmọ rẹ̀ wá ń sọ lónìí pé òun kò mọ baba mi rí.' Òtítọ́ ni. Ìdí rẹ̀ gan-an ni àwọn baba wa ṣe dá ìṣákọ́lẹ̀ sílẹ̀. Iṣu mélòó kan, epo díẹ̀, lọ́dọọdún, kì í ṣe ohun tí ó lè sọ onílẹ̀ di olówó. Ìrántí ni. Àlejò ń fi í sọ pé, 'N kò gbàgbé bí mo ṣe dé ibí.' Ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́, kì í ṣe iṣu ni ó fi dù wọ́n. Ó sọ baba onílẹ̀ di ẹni tí kò gbé ayé rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́wọ́ kejì pẹ̀lú. Onílẹ̀ tí ó sọ iṣu ìrántí di owó gọbọi tí ń pọ̀ sí i bí irè oko ti ń pọ̀ sí i, òun náà ti gbàgbé ohun tí iṣu náà ń sọ. A rí ohun tí èyí lè dì láàrin Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ wà lára ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ níbẹ̀, ìjà tí ó ti wà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1981, tí ó sì tún pa ọ̀pọ̀ ènìyàn láàrin 1997 àti 2000.

Iṣu kò fa ìjà tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí iṣu kì í pẹ́ nínú ilẹ̀. Àgbẹ̀ á gbìn ín, á wà á, á fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí ó sinmi. Nígbà tí ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, tí irè oko di ohun tí a ń kó lọ sí Èkó, igi tí ń pẹ́ nínú ilẹ̀ di ohun tí olúkúlùkù fẹ́ gbìn. Obì àti kòkó a máa pẹ́ ju ẹni tí ó gbìn ín lọ. Ta wá ni ó ni ilẹ̀ tí igi ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀ fún ogójì ọdún? Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, tí Òṣogbo di olú ìlú rẹ̀, ilé kíkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa. Oko di púlọ́ọ̀tì. Òpó sìmẹ́ǹtì tí àwọn awọnlẹ̀ ń rì mọ́lẹ̀ wá rọ́pò pèrègún, ẹnì kan ṣoṣo tí ó lówó lọ́wọ́ sì lè dá rì í.

Ìtàn kan wà nípa Òṣàlúfọ́n tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé ilẹ̀ Bùràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń pe òrìṣà náà ní Oxalufã. Wọ́n ní arúgbó yìí gbéra láti lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ifá ti kìlọ̀ fún un pé ìyà ń bẹ lọ́nà, pé kí ó má ṣe ráhùn. Èṣù da epo sí i láṣọ, kò sọ̀rọ̀. Ó lọ sí odò, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ó rí ẹṣin Ṣàngó tí ó sọnù, ó mú un kí ó lè dá a padà. Àwọn ìránṣẹ́ ọba pàdé rẹ̀, wọn kò bi í pé ta ni ọ́. Wọ́n mọ ẹni tí ó ni ẹṣin, ìyẹn sì tó wọn. Wọ́n nà án, wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n. Ọdún méje ni ó lò níbẹ̀. Láàrin ọdún méje náà, òjò kọ̀, irè oko kú, obìnrin kò bímọ. Ìgbà tí Ṣàngó fi Ifá wádìí ni ó tó mọ̀ pé arúgbó kan ń jìyà àìmọwọ́mẹsẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n òun. Ó ní kí gbogbo ènìyàn wọ aṣọ funfun, kí wọ́n pọn omi láìfọhùn, kí wọ́n wẹ arúgbó náà. Àwọn ilé òrìṣà ní Bahia ṣì ń ṣe ọdún omi yìí.

Èyí tí ó jọ mí lójú níbẹ̀ ni pé kì í ṣe Ṣàngó ni ó na arúgbó náà, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Síbẹ̀ kò sọ pé, 'Èmi kọ́.' Ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, nítorí náà òun ni ọ̀rọ̀ kàn. Lójú tèmi, ibí ni ìtumọ̀ onílẹ̀ wà. Onílẹ̀ ni ẹni tí ó gbọ́dọ̀ jíhìn bí wọ́n bá fi ìyà jẹ aláìṣẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ó ní òun ni ó ni. Bí ìlú kan bá sọ pé òun ni ó ni abúlé, kí a má bi í ní ọdún tí baba rẹ̀ dé. Kí a bi í pé nígbà tí ilé jóná níbẹ̀, ta ni ó lọ gbá eérú, ta ni ó gba opó sílé, ta ni ó ń bójú tó sàréè obìnrin ará Èjìgbò tí kò ní ìlú kankan nínú méjèèjì. Mo mọ̀ pé kóòtù kò lè fi ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dájọ́, kò sì yẹ kí ó fi í dájọ́. Ṣùgbọ́n kóòtù kọ́ ni ọmọ tí mo ń kọ́ yóò máa gbé. Abúlé kan tí ó ní orúkọ méjì ni, níbi tí sàréè baba baba rẹ̀ àti ti baba ìyá rẹ̀ ti kọjú sí ara wọn.

Mo fún un ní máàkì mẹ́rìndínlógún nínú ogún. N kò yọ ọ̀kankan nítorí àyè tí ó fi sílẹ̀. Àkọtọ́ ni ó gba mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀: ibi gbogbo tí ó yẹ kí ó kọ 'ààlà', 'àlà' ni ó kọ, àfi bí ẹni pé aṣọ funfun ni wọ́n tẹ́ sí àárín oko méjèèjì. Mo fi bíírò pupa tún un ṣe, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀ pé kí ó lọ bi ìyá ìyá rẹ̀ léèrè orúkọ odò tí wọ́n ń pọn níbẹ̀, nítorí mo gbọ́ pé orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń pe ìyẹn.